Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìwọ̀n Àwọ̀ Ya Sítáǹpù Nàìjíríà Ayé Ọba George Karùn-ún Sọ́tọ̀ Sọ́tọ̀

Tẹ́ ẹ bá ti ń kó sítáǹpù jọ, ẹ ó ti bá oníkọ́bọ̀ kan pupa yẹn pàdé, ìyẹn ti Nàìjíríà àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1914 lẹ́yìn tí wọ́n so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní January 1 ọdún yẹn. Kátálọ́ọ̀gù, ìyẹn ìwé tó ń to sítáǹpù àti iye owó wọn, á ní ọ̀kan carmine-red, òmíì scarlet, òmíì rose-carmine, owó wọn ò sì jọra. Ẹ wá da ogún nínú wọn sórí tábìlì, gbogbo ẹ̀ pupa. Ẹni kan á ní èyí ni scarlet, ẹnìkejì á ní irọ́ ni, ẹni tó fẹ́ tà á á sì rí i dájú pé èyí tó wọ́n jù lòun ń pè é.

Ohun tó fà á ni pé ojú èèyàn kì í wo àwọ̀ lásán, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló fi máa ń wò ó. Pupa tó wà lórí bébà tó ti ń pọ́n á jọ scarlet sí yín lójú, ẹ gbé pupa yẹn gan-an sórí bébà funfun, ó di carmine. Gílóòbù pálọ̀ tún nìyẹn, èyí tó yẹ́lò máa ń yí pupa padà pátápátá, tẹ́ ẹ bá gbé e síta lọ́sàn-án ẹ ó rí nǹkan míì. Ká má tíì sọ pé tẹ́ ẹ bá ti wo pupa fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú ti rẹ̀ yín, pupa tó kàn á dà bíi pé ó ṣí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ kéèyàn máa wọn àwọ̀, kó kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan látìbẹ̀rẹ̀ o: nọ́ńbà ò lè fún yín lórúkọ àwọ̀. Ohun tó máa ṣe fún yín ni pé ó máa sọ èyí tó jọra àti èyí tí ò jọra, tó fi jẹ́ pé ẹ lè pín sítáǹpù yín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ láìsí àríyànjiyàn. Tó bá di orúkọ, sítáǹpù tí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ ní déètì tó ṣeé kà, tàbí èyí táwọn tó mọ̀ ọ́n ti yẹ̀ wò, ló máa fún yín. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á kàn fi nọ́ńbà ti irọ́ lẹ́yìn ni.

Kí ló fà á táwọ̀ fi ń yàtọ̀ gan-an?

Ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé De La Rue ní London ló tẹ àwọn sítáǹpù yìí. Àwo méjì ni wọ́n ń lò, ọ̀kan gbé orí ọba, èyí tí wọ́n ń lò fún oríṣiríṣi ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìkejì gbé orúkọ ìlú àti iye owó. Tí sítáǹpù bá ń tán ní Èkó, wọ́n á ránṣẹ́ sí London, London á tún tẹ òmíì, íńkì tí wọ́n máa lò á sì jẹ́ tuntun, bóyá ó bá ti tẹ́lẹ̀ mu dáadáa, bóyá kò bá a mu. Nígbà tó wá di August 1914, ogun bẹ́ sílẹ̀. Jámánì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú aró ìgbàlódé tí gbogbo ayé ń lò nígbà yẹn, ogun sì gé e kúrò lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun táwọn tó ń po íńkì rí ni wọ́n lò. Torí náà àwọ̀ tó yí padà lára sítáǹpù yìí, ìtàn ló wà níbẹ̀, ó lè sọ fún yín bóyá ṣáájú ogun ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ tàbí nígbà tí nǹkan ti le. Èmi ò rí ìdí tá a fi máa jẹ́ kí ìyẹn di ọ̀rọ̀ "ó dà bíi pé".

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ má tíì wọn nǹkan kan

Ẹ kọ́kọ́ ya sítáǹpù yín pẹ̀lú ohun tí ò ní àríyànjiyàn nínú. Àmì inú bébà, ìyẹn wọ́tàmáàkì, ló ṣáájú. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ní adé kéékèèké pẹ̀lú lẹ́tà CA tó dúró gbọnrangandan, ìyẹn Multiple Crown CA. Láti 1921 lọ, lẹ́tà ibẹ̀ di èyí tí wọ́n fi ọwọ́ alákọwé kọ, tó tẹ̀ díẹ̀, ìyẹn Multiple Script CA. Ẹ dojú sítáǹpù délẹ̀ nínú àwo dúdú, ẹ kán epo láítà díẹ̀ sí i, adé á yọ sójú yín. Ẹ má ṣe é nítòsí sítóòfù tàbí àbẹ́là jọ̀ọ́, epo yẹn ń gbaná kíákíá, ẹ ṣí wíńdò pẹ̀lú. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó dé orí skánà.

Tí wọ́tàmáàkì bá ti yà wọ́n, ẹ ti dín iṣẹ́ kù sí ìdajì, torí àwọ̀ tí kátálọ́ọ̀gù kọ sí abẹ́ Script kò lè jẹ́ ti sítáǹpù Crown CA, bó ti wù kó jọ ọ́ tó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bébà. Onítọ́rọ́, pọ́pù lórí bébà yẹ́lò ni, oníṣílè kan, dúdú lórí bébà aláwọ̀ ewé ni. Àwọn yìí, ẹ̀yìn wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó wo iwájú. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde, iwájú bébà nìkan ni wọ́n kun láwọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ funfun, ìyẹn làwọn tí wọ́n ń pè ní white back. Nígbà tó yá ẹ̀yìn náà láwọ̀, òmíì wá ní àwọ̀ olive, òmíì emerald, tó bá sì di onítọ́rọ́, ẹ ó rí lemon, ẹ ó rí orange-buff. Fún irú èyí, bébà gan-an lẹ máa wọn, kì í ṣe íńkì dúdú tó wà lórí ẹ̀. Mo rí àwọn tó ń fi gbogbo agbára wọn wọn íńkì oníṣílè kan, nígbà tó jẹ́ pé bébà ni kátálọ́ọ̀gù ń sọ látòkè délẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yọ èyí tó ti bàjẹ́ kúrò

Ibí yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun làwọn èèyàn sì máa ń fò. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé oòrùn ti pa sítáǹpù, á kàn wọn ohun tó rí, á fún yín ní nọ́ńbà tó mọ́ tónítóní fún àwọ̀ tí De La Rue ò fìgbà kankan tẹ̀.

Omi lọ̀tá àkọ́kọ́. De La Rue mọ̀ọ́mọ̀ po íńkì kan tó máa ń ṣí tómi bá kàn án, káwọn olè má bàa fọ òǹtẹ̀ kúrò lára sítáǹpù kí wọ́n tún un lò. Pọ́pù àti àwọ̀ ewé ló sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Onísísì ti Nàìjíríà yìí, tó jẹ́ pọ́pù méjì, ọ̀kan ṣú, ọ̀kan tàn, tẹ́ ẹ bá rẹ ẹ́ sínú omi láti yọ ọ́ lára àpòòwé, èyí tó ṣú á ti sá, á di bíi píǹkì, òmíì á sì ti wọ inú bébà. Ẹ fi gíláàsì asọnǹkandńlá wò ó, ẹ wo eteetí ibi tí íńkì pin sí: tó bá dá ṣáká, omi ò tíì kàn án. Tó bá ti ràn lọ sínú funfun ẹgbẹ́ ẹ̀ bí ìgbà tí tádàwà kán sórí ìwé tó tutù, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ lè fi sí álíbọ́ọ̀mù, ẹ ò kàn ní wọn ọ́n ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ pọ́pù tàbí àwọ̀ ewé ayé ìgbà yẹn sínú omi mọ́, ẹ gé bébà yí i ká kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Oòrùn tún wà níbẹ̀. Tí apá kan sítáǹpù bá ti wà lábẹ́ nǹkan míì fún ọdún gbọọrọ, ẹ wò ó bóyá àwọ̀ apá yẹn ṣú ju ìyókù lọ, tó bá ṣú jù ú, àwọ̀ ìyókù ti ṣí nìyẹn. Ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ńkọ́? Ó máa ń sọ bébà di bráwùn, gọ́ọ̀mù á yọ́, á gba àárín bébà jáde síwájú. Bébà tó ti di bráwùn á gbé gbogbo àwọ̀ tó wà lórí ẹ̀ lọ sí apá yẹ́lò, tó túmọ̀ sí pé carmine á máa jọ scarlet, ẹ sì rántí pé àríyànjiyàn tá à ń sá fún gan-an nìyẹn. Àwọn àwọ̀ olómi ọsàn àti pupa tí wọ́n fi òjé po íńkì ẹ̀ máa ń dúdú tí èéfín tó ní sulphur bá kàn wọ́n, àwọn náà ò yẹ ní wíwọ̀n.

Ẹ yọ èyí tí òǹtẹ̀ bò mọ́lẹ̀ pátápátá náà kúrò. Tí òǹtẹ̀ bá wà ní igun kan ṣoṣo, kò séwu.

Ìgbésẹ̀ 3: Irinṣẹ́

Fóònù kọ́ o. Mo mọ̀ pé àwọn áàpù kan wà tó ń ka àwọ̀, àmọ́ kámẹ́rà fóònù máa ń tún funfun àti ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀ nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá yàwòrán, sítáǹpù kan náà á fún yín ní nọ́ńbà mẹ́ta nígbà mẹ́ta.

Ohun táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń lò ni spectrophotometer, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sára nǹkan, á sì ka iye tó padà wá nínú ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti elésè àlùkò dé pupa. Royal Philatelic Society London, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó sítáǹpù jọ, ní ẹ̀rọ VSC, irú èyí táwọn ọlọ́pàá fi ń yẹ ayédèrú ìwé wò, ó lè ka àwọ̀ ibi tó kéré gan-an. Àwọn kékeré tó ṣeé gbé lọ́wọ́ bíi i1Pro wà, àmọ́ ojú ihò tó fi ń wo nǹkan fẹ̀ tó bíi mílímítà mẹ́rin ààbọ̀, sítáǹpù yìí kò sì ní ibi tí íńkì kún tó bẹ́ẹ̀ yẹn láìsí ìlà funfun láàárín. Ohun tó máa kà ni íńkì àti bébà pọ̀. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan burúkú tó bá jẹ́ pé ibi kan náà lẹ gbé e sí lára gbogbo sítáǹpù yín, torí ìpín funfun tó wà níbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ má kàn gbé e sójú ọba lára ọ̀kan kẹ́ ẹ wá gbé e sí ìsàlẹ̀ níbi iye owó lára ìkejì.

Fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa, skánà pẹrẹsẹ tó wà lórí tábìlì tó. Tẹ́ ẹ bá láǹfààní àtiyan, ẹ yan èyí tó ń lo CCD, ìyẹn irú ojú kan tí skánà fi ń ríran, bíi Epson V600, torí iná ẹ̀ funfun. Àwọn tó fẹ́lẹ́ bíi CanoScan LiDE ń lo iná mẹ́ta, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ohun tó bá sì wà láàárín àwọn mẹ́ta yẹn kò ní rí i dáadáa. Íńkì méjì tí wọ́n fi aró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ po lè wá jọra lójú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra lábẹ́ oòrùn. Tó bá jẹ́ òun lẹ ní, ẹ lò ó, kẹ́ ẹ kàn mọ ibi tágbára ẹ̀ mọ.

Ẹ tún wá káàdì dúdú kan tí ò dán, twísà, àti sítáǹpù kan tí ò wọ́n, tó mọ́, tẹ́ ẹ máa yà sọ́tọ̀ láti máa fi dán ẹ̀rọ wò. Mo máa padà sórí ìyẹn. Ẹni tó bá lówó káàdì alápótí àwọ̀ 24 táwọn ayàwòrán ń lò, ìyẹn ColorChecker, kó rà á, torí á jẹ́ kẹ́ ẹ lè tún skánà ṣe kí nọ́ńbà ẹ̀ sún mọ́ òótọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Skán

Ẹ tan skánà sílẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó lò ó, kí iná ẹ̀ fara balẹ̀. Ẹ nu gíláàsì ẹ̀. Tí iná mànàmáná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ dúró dìgbà tó bá dúró, tàbí kẹ́ ẹ lo ínfátà, torí tí iná bá ṣẹ́jú láàárín iṣẹ́, ẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè ni.

Ẹ wá lọ sínú sẹ́tíńgì ẹ̀, kẹ́ ẹ pa gbogbo ohun tó ní "auto" nínú. Kó má tún àwọ̀ ṣe, kó má tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, kó má pọ́n àwòrán (sharpen), kó má yọ eruku. Gbogbo ìyẹn, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n kà á sí fún ẹni tó ń skán fọ́tò ìgbéyàwó, tiwa ni wọ́n ń bàjẹ́. Ẹ gbé e sí 600 dpi tàbí 1200, ẹ fi fáìlì pamọ́ bíi TIFF. Ẹ má lo JPEG, ó máa ń fún àwòrán pọ̀ kí fáìlì lè kéré, àwọ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń pò pọ̀.

Ẹ dojú sítáǹpù dé gíláàsì, sí àárín, torí ìmọ́lẹ̀ eteetí skánà kì í dọ́gba pẹ̀lú ti àárín. Ẹ gbé káàdì dúdú lé ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdérí skánà tó funfun ló wà lẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ á gba inú bébà tó fẹ́lẹ́ kọjá, á lù ú, á padà wá, sítáǹpù tí bébà ẹ̀ fẹ́lẹ́ á wá mọ́lẹ̀ ju èyí tí tiẹ̀ nípọn lọ. Ẹ fi sítáǹpù àdánwò yẹn sínú gbogbo skán tẹ́ ẹ bá ṣe. Gbogbo ẹ̀ pátá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ibo lára sítáǹpù lẹ fẹ́ kà?

Ẹ ṣí fáìlì nínú GIMP, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà kan tó wà fún àwòrán, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ fà á tóbi dáadáa. Ẹ wò ó fúnra yín. Lára oníkọ́bọ̀ kan, ohun tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ pupa kan ṣoṣo á já sí ìlà pupa, ìlà funfun, ìlà pupa. Ìlà pupa kọ̀ọ̀kan tún nípọn létí ju àárín lọ, torí irú ìtẹ̀wé tí wọ́n lò, àwo ló ń tẹ íńkì mọ́ bébà tí íńkì á wá sún jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣe bíi bèbè tó ṣú. Ẹ lè rí bébà tó yọ láàárín íńkì bí àmì kéékèèké níbi tí íńkì ò ti dé dáadáa. Tẹ́ ẹ bá kàn tẹ ibì kan lásán, bóyá bèbè lẹ tẹ̀, bóyá ihò funfun ni, nọ́ńbà méjèèjì sì jìnnà síra wọn gan-an.

Torí náà ẹ wá ibi tí íńkì ti kún, tí ìlà funfun ò sí, tàbí tí kò pọ̀, kẹ́ ẹ sì máa padà sí ibẹ̀ lára gbogbo sítáǹpù. Nínú GIMP, irinṣẹ́ tó ń mú àwọ̀, Color Picker, ní "Sample average", ẹ tẹ̀ ẹ́ kó lè kó ọ̀pọ̀ àmì pọ̀, kó fún yín ní àárín gbùngbùn wọn. Ẹ mú ibi márùn-ún lára sítáǹpù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ro nọ́ńbà wọn pọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí márùn-ún. Ẹ yẹra fún òǹtẹ̀. Ẹ mú bébà eteetí náà, kẹ́ ẹ kọ tiẹ̀ sí ìlà ọ̀tọ̀, torí ìyẹn ló máa sọ fún yín tó bá jẹ́ pé bébà ló pọ́n, tí kì í ṣe íńkì.

Ìgbésẹ̀ 6: Nọ́ńbà mẹ́ta

Ẹ má lo RGB, ìyẹn nọ́ńbà pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ yí i sí Lab, GIMP lè fi hàn yín nínú fèrèsé Color Picker. Lab yìí jẹ́ ọ̀nà ìkàwọ̀ tí CIE, àjọ àgbáyé lórí ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀, gbé kalẹ̀ ní 1976, kí ìyàtọ̀ nọ́ńbà lè sún mọ́ ìyàtọ̀ tójú èèyàn ń rí.

L ni bó ṣe mọ́lẹ̀ tó, 0 dúdú kirikiri, 100 funfun. Ní ti nọ́ńbà "a", tó bá ń lọ sókè, ó ń lọ sí pupa, tó bá ń lọ sísàlẹ̀ 0, ó ń lọ sí àwọ̀ ewé. Ti b, òkè ẹ̀ yẹ́lò, ìsàlẹ̀ ẹ̀ búlúù. Fún oníkọ́bọ̀ kan wa, b yìí ni ọba, torí scarlet ní yẹ́lò nínú ju carmine lọ.

GIMP tún máa ń fi LCh hàn, ẹ kọ òun náà. h ni ibi tí àwọ̀ dojú kọ, C ni bó ṣe le tó. Mo fẹ́ràn h gan-an fún iṣẹ́ yìí. Aṣọ tí aláró tì bọ ìkòkò lẹ́ẹ̀kan àti èyí tó tì bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ọ̀kan ṣú, ọ̀kan mọ́, inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jáde: bí sítáǹpù ṣe rí nìyẹn tí wọ́n bá fi íńkì púpọ̀ tẹ ọ̀kan tí wọ́n fi díẹ̀ tẹ ìkejì. L àti C á yàtọ̀, h á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró síbì kan náà. Tí h bá wá yí dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ íńkì míì ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìyàtọ̀

Láti mọ bí sítáǹpù méjì ṣe jìnnà síra tó, ẹ yọ L kan kúrò nínú ìkejì, a kúrò nínú a, b kúrò nínú b, ẹ fi ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́po ara ẹ̀, ẹ ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ wá square root ẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní ΔE.

Ká ní sítáǹpù A jẹ́ 52, 58, 24, B jẹ́ 50, 60, 25. Ìyàtọ̀ wọn 2, 2, 1. Ẹ lọ́po wọn, 4 àti 4 àti 1, ó di 9, ΔE jẹ́ 3. Ká wá ní sítáǹpù kẹta, tá a máa pè ní C (kì í ṣe C inú LCh o), jẹ́ 55, 58, 40. Tẹ́ ẹ bá fi wé A, ìyàtọ̀ 3, 0, 16, ó di 9 àti 256, ìyẹn 265, ΔE lé díẹ̀ ní 16. h ti A àti B, méjèèjì wà ní bíi 22 àbọ̀, ti C wà ní bíi 35. A àti B jọ ń gbé ni, C wá láti ibòmíì. Ẹ kíyè sí i pé L àti a ti C ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, b nìkan ló gbé e lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé ìyàtọ̀ tó wà ní bíi 2.3 lójú èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń rí. Ẹ má fi ìyẹn gé ọ̀wọ́ o, torí skánà tiyín lè máa ṣe àṣìṣe tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni sítáǹpù àdánwò ti wúlò: ẹ skán òun nìkan nígbà mẹ́wàá, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ gbé e kúrò kẹ́ ẹ dá a padà nígbà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo ΔE tó pọ̀ jù láàárín òun àti ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ 2, a jẹ́ pé sítáǹpù méjì tí ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2 tàbí 2 àbọ̀, ẹ ò lè sọ nǹkan kan nípa wọn. Ẹ máa wá ìyàtọ̀ tó fi ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ju ìyẹn lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ jẹ́ kí ọ̀wọ́ fúnra ẹ̀ yọ

Ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú Excel tàbí Google Sheets, ìlà kan fún sítáǹpù kan: nọ́ńbà tẹ́ ẹ fún un, wọ́tàmáàkì, L, a, b, C, h, Lab ti bébà, déètì òǹtẹ̀ tó bá wà, àti bóyá ó mọ́ tàbí wọ́n ti lò ó. Ẹ tò ó pẹ̀lú h láti kékeré sí ńlá. Ẹ wá wò ó bóyá àlàfo wà. Tí mẹ́jọ bá wà láàárín 21 sí 24, tí mẹ́rin sì wà láàárín 33 sí 36, tí ò sí ẹyọ kan láàárín wọn, ọ̀wọ́ méjì lẹ ní, ẹnikẹ́ni ò lè bá yín jà.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé 21, 23, 24, 26, 28, 29, 31 títí lọ ló ń tẹ̀ lé ara wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Kò sí ọ̀wọ́ níbẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ nígbà púpọ̀, íńkì ń yí díẹ̀díẹ̀, tàbí sítáǹpù tẹ́ ẹ ní ò tíì pọ̀ tó láti fi àlàfo hàn. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fagbára gé e sí mẹ́ta torí pé kátálọ́ọ̀gù lórúkọ mẹ́ta ti sọ ara ẹ̀ di ẹlẹ́rìí èké.

Tí sítáǹpù kan bá dá wà lápá kan, ẹ padà lọ wo bébà ẹ̀ kí inú yín tó dùn. Tí b ti bébà ẹ̀ náà bá ga ju ti àwọn yòókù lọ, ó pọ́n ni, kì í ṣe àwọ̀ tó ṣọ̀wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 9: Orúkọ

Ní báyìí tí ọ̀wọ́ ti wà, ẹ wá sítáǹpù oníkọ́bọ̀ kan pupa tí ọjọ́, oṣù àti ọdún inú òǹtẹ̀ rẹ̀ hàn kedere. Èyí tó ṣì wà lára àpòòwé ló dáa jù. Òǹtẹ̀ ò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó kàn ń sọ pé ó ti wà ní ìta nígbà yẹn, torí náà déètì tó pẹ́ jù sẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ máa dì mú. Scarlet, àwọ̀ ìgbà ogun ni. Tí ọ̀wọ́ tí h ẹ̀ ga bá wá ní òǹtẹ̀ 1914 nínú, nǹkan kan ò dọ́gba, ẹ padà yẹ sítáǹpù yẹn wò, bóyá ọdún inú òǹtẹ̀ ni ẹ ò kà dáadáa. Tí déètì ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín ogun lọ, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá lè yá sítáǹpù kan tó ní sátífíkéètì látọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, ẹ skán an lórí skánà tiyín, ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú tiyín. Ẹ má gba nọ́ńbà tí ẹlòmíì kà lórí skánà tiẹ̀, ẹ má sì ka àwọ̀ lára fọ́tò tí ẹni tó ń tajà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ohun tí ìyẹn lè sọ fún yín.

Stamp Colour Key ti Stanley Gibbons, tó ní àwọ̀ 200, wúlò fún ojú, ẹ fi wo ibi tí ọ̀wọ́ yín sún mọ́ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò tí oòrùn ò ti wọlé tààrà. Ẹ má kàn skán an kẹ́ ẹ máa wá ΔE láàárín òun àti sítáǹpù. Íńkì ìgbàlódé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, íńkì 1914 kọ́, méjèèjì lè dọ́gba lójú yín kí wọ́n yàtọ̀ lójú skánà.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, tí owó ńlá sì wà níbẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò àwọn tó ń fúnni ní sátífíkéètì, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà yín sí i. Tẹ́ ẹ ò bá tíì fi ránṣẹ́, ẹ má pè é ní scarlet fún ẹni tó fẹ́ rà á, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí: ọ̀wọ́ tó wà, h tó jẹ́, déètì tó pẹ́ jù nínú ọ̀wọ́ náà.

Ìpamọ́

Ẹ kọ nọ́ńbà sítáǹpù sára páálí tàbí álíbọ́ọ̀mù, kì í ṣe sẹ́yìn sítáǹpù. Ẹ má fi sítáǹpù tó ní gọ́ọ̀mù síbi tí ooru wà, ẹ fi silica gel tó ń fa ọ̀rinrin mu sínú àpótí, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jìnnà sí àpò rọ́bà olówó pọ́ọ́kú tó ń rùn, kẹ́míkà tó ń jáde lára ẹ̀ máa ń wọ inú íńkì. Fáìlì TIFF, ẹ fi ẹ̀dà méjì pamọ́ síbi méjì, ẹ kọ orúkọ skánà àti sẹ́tíńgì tẹ́ ẹ lò sínú Sheets yẹn pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ skán, torí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ skánà, sítáǹpù àdánwò yẹn lẹ máa kọ́kọ́ gbé sórí tuntun, kẹ́ ẹ tó fi nọ́ńbà ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ti tẹ́lẹ̀.